Omi Kòtò Góòlù

Bí aládùúgbò mi ní Adó bá ti ń sẹ́ fùfú, kíá ni mo máa ń ti fèrèsé. Òórùn ẹ̀gẹ́ rírẹ yẹn máa ń gbé mi padà sí oko kòkó Ìyá Àgbà, lọ́nà Ògòtún.

Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan ti mú odò gbẹ, inú kòtò tí àwọn awagóòlù gbẹ́ sílẹ̀ la ti lọ rẹ ẹ̀gẹ́. Omi rẹ̀ pọ́n, ó sì tutù dé eegun. Mo rí nǹkan kan tó ń dán bíi dígí nínú iyanrìn. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó fọ́ wẹ́wẹ́, ó tún ṣù pọ̀. Mo rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà da ẹ̀gẹ́ sómi, ó gbójú sókè.

"Ọlọ́run á san án fún wọn o. Wọ́n kó góòlù lọ ulé wọn, wọ́n ṣì fi omi sílẹ̀ fún wa."

Mo ní, "Àmín," bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Fùfú yẹn la jẹ títí òjò fi dé, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọọdún. Nígbà tó yá, ọwọ́ Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n ní ogbó ni. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé mẹ́kúrì ni nǹkan dídán yẹn, òun ni wọ́n fi ń kó góòlù jọ, májèlé tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n sì ni.

Láàárọ̀ yìí, tíì dà sí mi láyà. Ọwọ́ mi ló gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ èmi ò tíì gbó. Kí Ọlọ́run dá àmín mi padà fún mi.