Ìdọ̀bálẹ̀ Ọjọ́ Kérésìmesì

Aránṣọ ni Àníọlá. Ní Baṣọ̀run tiwa, bí ẹ bá rí ọmọ ìjọ Aládùúrà tí sútánà rẹ̀ bọ́ sí i lára bí ẹni pé áńgẹ́lì ló wọ̀n ọ́n fún un, ọwọ́ Àníọlá ló ti jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kúrú ju tòsì lọ láti kékeré, wọ́n sì bá a gbé àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kan sókè. Bó bá ń bọ̀, ẹ ó gbọ́ gbì—tì, gbì—tì. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi fèrè, kì í sì í parí ọ̀rọ̀ láìfi "àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" dì í nídìí. Ìyẹn ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bó bá dìde láti jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ á pa lọ́lọ́, àwọn aláǹgbá ara ògiri pàápàá á dẹ́kun orí mímì.

Ìgbà tó yá ni ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Òkìkíọlá wá gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ebi ń pa ọmọ náà, Àníọlá ń fún un lóúnjẹ. Bó ti ń jẹun lójú fèrèsé ló ń wo bí obìnrin náà ṣe ń rìn. Lọ́jọ́ kan ó kó jáde láìdágbére. Ìgbà tí a máa tún rí i, inú tẹlifíṣàn ni.

Eré apanilẹ́rìn-ín kan wà tí wọ́n ń pè ní *Ẹ̀rín Dé*, ní Ring Road ni wọ́n ti ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Wọn kì í gbà á sílẹ̀ o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni gbogbo ayé ń wò ó. Òkìkíọlá wé gèlè, ó di ìrọ̀rí sí ìdí, ó wọ bàtà kan tó ga ju èkejì lọ, ó ní òun ni Ìyá Tiro. "Ìyá Tiro rèé o, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Ìbàdàn rín in títí ikùn fi ń dùn wọ́n.

Ni àwọn ọmọ àdúgbò bá ń tiro tẹ̀lé Àníọlá lẹ́yìn. Ìyẹn ò dùn ún tó ti ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tó dìde láti jẹ́rìí, ibi tó dé ni "Ẹ yin Olúwa, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" tí ìjọ fi bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà gan-an fi ìwé orin bo ẹnu. Àníọlá jókòó pẹ̀ẹ́, kò sì jẹ́rìí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó pe ọmọ náà lórí fóònù. "Òkìkí, jọ̀ọ́, ọmọ mi, fi mí sílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kínú yín dùn, Màmá! Mo sọ yín di gbajúmọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi ẹ̀bẹ̀ orí fóònù náà ṣeré. Láti ọjọ́ yẹn ni Àníọlá ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń fi eyín tẹ ètè. Kò ṣépè, kò sunkún. Ó ń dúró de ọjọ́ kan ni.

Ọjọ́ náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Níyìolúwa, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ti dolóògbé, dé láti Àbújá. "Àǹtí, mo ti rọ́kọ o!" Ó na àwòrán Òkìkíọlá sí i nínú fóònù. Níyìolúwa ò wo eré náà rí. Ẹwà ọkùnrin náà ló ń wò. Àníọlá tẹjú mọ́ àwòrán títí iná fóònù fi kú.

"Ó mà rẹwà o. Ṣé ó mọ̀ mí?"

"Mo ṣáà sọ fún un pé ẹ̀yin làgbà ilé bàbá mi. Ó ní kí ẹ wá síbi eré ọjọ́ Kérésì, òun fẹ́ kí yín lójú gbogbo ayé."

"Má dárúkọ mi fún un. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ kí i. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Èmi náà bá wọn lọ, torí wọ́n ní ó yẹ kí àgbà ọkùnrin kan tẹ̀ lé wọn. Lọ́jọ́ náà, Ìyá Tiro ń lé àkùkọ ọdún kiri orí ìtàgé, àkùkọ tòótọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín débi pé aboyún kan bí síbẹ̀. Bí mo bá purọ́, kí ẹ wá ọmọ náà lọ.

Níyìolúwa gbá àyà mú. "Àǹtí! Ẹ̀yin lọkùnrin yìí ń sín jẹ!"

"Jókòó, ọmọ mi. A kì í lé ẹran tó ń bọ̀ wá sínú okùn."

Nígbà tí Òkìkíọlá mú àkùkọ tán, ó gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ̀yin èèyàn mi, àgbà ilé àna mi wà níbí lónìí! Ẹ máa bọ̀ lókè, Màmá! Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ̀ ọ́n kí!" Iná orí ìtàgé ń wọ̀ ọ́ lójú, kò rí ẹni tó ń bọ̀. Ó ju àkùkọ sílẹ̀, ó na gbalaja, tòun ti gèlè àti ìrọ̀rí, ó dojú bolẹ̀. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún àna, àna ló ń ní kó dìde.

Gbì—tì. Gbì—tì.

Mo rí i tí ọrùn Òkìkíọlá le gan-an. Ìrìn tó ti ń tà jẹun láti ọjọ́ yìí ló ń gun pákó bọ̀ wá bá a.

"Òkìkí, ṣé dáadáa ni? Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ara eré ni. Nígbà tí Níyìolúwa gòkè tó dúró ti àǹtí rẹ̀, ẹ̀rín gbẹ bí omi lára áyọ́ọ̀nù gbígbóná.

"Ẹ kú ọdún, mà." Pákó ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ta lò ń fi ṣẹ̀sín látọjọ́ yìí?"

Òkìkíọlá fi iwájú orí kan pákó.

"Mo ní ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ta ló bọ́ ọ nígbà tébi ń pa ọ́?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà."

Àkùkọ gun orí ìrọ̀rí ìdí rẹ̀, ó nara, ó kọ. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tó ń darí eré ń juwọ́ lẹ́yìn kámẹ́rà: "Màmá, ẹ ní kó dìde, ẹ jọ̀ọ́! Gbogbo ayé ń wò ó!"

"Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Èmi náà ni wọ́n ti ń wò bọ̀."

Òkìkíọlá yọjú wo Níyìolúwa lábẹ́ gèlè. Ìyẹn ká apá méjèèjì, ó ń wo àjà. Bó bá dìde, ìyàwó ti lọ. Àníọlá yí padà, gbì—tì, gbì—tì, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó jáde sí Ring Road, kò sọ pé kó dìde. Wọ́n polówó ọṣẹ, wọ́n polówó ìpara, wọ́n padà dé, ọkùnrin ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n ní ìgbà tí wọ́n paná ló tó dìde nínú òkùnkùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Àníọlá dìde nínú ìjọ. "Ẹ yin Olúwa, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Halelúyà!" Mo wò yíká, mi ò rí eyín ẹnì kan.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dojú ọ̀tá mi bolẹ̀ níwájú kámẹ́rà mẹ́ta." Ó jókòó. Àlùfáà ló kọ́kọ́ ṣe àmín.

Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, tí Níyìolúwa ní òun ò tíì kọ ọkùnrin náà, àwọn ẹbí Òkìkíọlá wá tọrọ ìyàwó ní pálọ̀ Àníọlá. Gbogbo ọkùnrin wọn dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ mì tìtì.

"Ẹ dìde, àna wa. Ẹ ò ní dọ̀bálẹ̀ fún ìyà."

Wọ́n dìde. Òkìkíọlá ti gbé orúnkún kan sókè.

"Ìwọ kọ́."

"Mà?"

"Ta ló ní kí o dìde lọ́jọ́ Kérésì?"

Ẹbí rẹ̀ wo ara wọn. Ọmọkùnrin náà rọra na ara rẹ̀ padà sórí símẹ́ńtì. Àníọlá bá sún àga mọ́ tábìlì, ó ṣí ìkòkò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ fún àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jẹ́ ká jẹun ná," ó ní, "àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"