Wọ́n Ní Ìjọba Ló Tọ́ Ọ

Orí bẹ́ǹṣì ni òǹkọ̀wé wa kú sí. Bẹ́ǹṣì onígi kan, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ìjọba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, àwọn èèyàn ń kọjá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, onídìrí, gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń fi etí aṣọ ara rẹ̀ fẹ́ ẹ lójú.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ò lè mí mọ́!"

"Màmá, mo rí yín. Kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ọ́síjìn kan tó kù, ọmọ ọwọ́ kan ló ń lò ó. Ṣé kí n yọ ọ́ nímú ọmọ yẹn ni?"

Mi ò bá nọ́ọ̀sì náà jà. Òun nìkan ló wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Àwọn tí mo fẹ́ bá jà ò sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, wọn kì í sì í débẹ̀. Tí orí bá fọ́ wọn, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń wọ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, rédíò ti kéde pé ìjọba ló máa sin òkú. Ìsìnkú ẹ̀yẹ ni. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí wọn ò rí bẹ́ẹ̀dì fún nígbà tó ń mí, wọ́n rí ìgbìmọ̀ fún un nígbà tí kò mí mọ́. Ẹ ò rí i pé wọ́n lójú àánú?

Ọ̀sẹ̀ ń gun orí ọ̀sẹ̀, ìgbìmọ̀ ò sin òkú. Onídìrí ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn lárààárọ̀. Èmi náà bá a lọ lọ́jọ́ kan, nítorí náà etí mi ló gbọ́, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi.

Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì ní, "Wọn ò tíì fẹnu kò lórí ọjọ́, mà. Mínísítà fẹ́ kó bọ́ sí ìgbà tí àwọn àlejò láti òkèèrè máa ráyè wá."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ gbé e fún mi kí n lọ sin ín."

"Ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹbí, mà. Gbogbo wa la ni ín."

"Gbogbo yín lẹ ni ín? Níbo ni gbogbo yín wà lọ́jọ́ tó ń kú lọ lórí itan mi?"

Akọ̀wé ṣí fáìlì míì.

Níbi tí wọ́n ti ń dúró de àlejò ni ẹ̀rọ amóhuntutù ti bàjẹ́ ní mọ́ṣúárì. Ó bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Nígbà tí onídìrí gbé aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ìyá mi, ẹ má wọlé. Ẹ dákun. Bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró sójú yín bẹ́ẹ̀."

Aṣọ tó gbé lọ ló gbé padà. Ẹkún tó sun nínú táàsì lọ́jọ́ náà, mi ò lè ròyìn rẹ̀. Pósí tí wọ́n ti kàn pa ni wọ́n gbé jáde níkẹyìn, àsíá lórí rẹ̀, òdòdó yí i ká. Mínísítà wá bọ́ síwájú, ó túmọ̀ ayé obìnrin tó wà nínú pósí náà fún wa.

Ó ní, "Inú òfo ni ọmọ yìí ti jáde wá. Ìjọba ló tọ́ ọ, ilé ìkàwé ìjọba ló sọ ọ́ di òǹkọ̀wé."

Òfo kẹ̀? Mínísítà, ẹ jókòó, kí n sọ òfo náà fún yín. Èmi àti òǹkọ̀wé yìí la jọ dàgbà. Pákó ló pín yàrá tiwọn àti tiwa níyà, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í gba àárín pákó yẹn kọjá.

Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, akólòlò sì ni. Àwọn ará ilé a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "B-b-baba yín!" Ọ̀rọ̀ ṣòro fún un, nítorí náà kì í fi ṣòfò. Ìdí máṣíìnì ló ti ń gbọ́ ìtàn àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ìtàn ò bá dùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ máṣíìnì lọ. Bó bá dùn, ẹsẹ̀ á dúró. Ọmọ náà kì í wo ojú bàbá rẹ̀ tó bá ń sọ̀tàn, ẹsẹ̀ ló ń wò. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan lọ́tun lẹ́ẹ̀mẹta, títí máṣíìnì fi dákẹ́.

Ilé ìkàwé wo ni wọ́n ń wí? Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lé e nítorí pé kò wọ bàtà. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi ń gé bátànì ló kọ́kọ́ kà. Apá kan ìròyìn lára bátànì ọrùn, apá kan lára bátànì ọwọ́. Ibi tí sísọ́ọ̀sì bá gé ọ̀rọ̀ dé, òun á fi tirẹ̀ parí rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ọsibítù yìí kan náà ló ń gbá, tó ń nù. Tó bá dé, á bọ́ bàtà, á sì gbé ohùn àwọn aláìsàn wọ̀: bàbá kan tó ń bínú sí ìyàwó tó ti kú, ìyá kan tó ní kí wọ́n má pe ọmọ òun. Ọmọ á gbọ́, á lọ tú u fún gbogbo ilé. Ni ìyá bá sọ ọ́ ní Gbọ́yìí-Sọ̀yìí. Lọ́jọ́ kan ó fà á létí, ó ní, "Tó o bá máa sọ ọ́, yí i padà, kí ẹni tó ni ín má baà mọ̀ ọ́n!" Ibẹ̀ ni ìtàn àròsọ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé.

Obìnrin yẹn a tún máa jókòó ti àwọn tó ń kú lọ tí wọn ò ní èèyàn. Mátírọ́ọ̀nù bú u pé ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n gbà á fún. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Kò dáa kéèyàn máa dá lọ." Abẹ́ òrùlé tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ ni ọmọ tirẹ̀ ti wá bẹ́ẹ̀dì tì. Ta ló máa gbọ́ èyí tí inú rẹ̀ ò ní bàjẹ́?

Ìyẹn lòfo. Ìyẹn ló tọ́ ọ.

Nígbà tí mínísítà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, onídìrí rìn lọ bá a. Ẹ̀ṣọ́ kan na apá dí i lọ́nà, onídìrí sì sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn apá náà: "Ọ̀gá, ta ló ní kí wọ́n má gbé e fún mi? Ẹ dárúkọ ẹni náà."

Mínísítà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn ayàwòrán. "A bá yín kẹ́dùn, mà." Ó wọ mọ́tò.

Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ mọ ère rẹ̀. Ẹ má mọ ère. Kí ọ̀gá ọsibítù jáde wá sọ bí ọ́síjìn ṣe tán ní ọsibítù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ géètì tuntun sí. Kí ẹni tó yẹ kó tún ẹ̀rọ mọ́ṣúárì ṣe sọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ má sì sọ fún wa pé ìgbìmọ̀ ni. Ìgbìmọ̀ ò ní ojú tí ìtìjú lè gbà mú un. Èèyàn la fẹ́, ẹlẹ́ran ara, tó ní orúkọ, tó máa dúró níwájú onídìrí yẹn, tó máa wò ó lójú, tó máa ní, "Èmi ni."