Ajá Tí Kò Gbọ́ Òyìnbó

Mo máa ń bá àwọn tó fẹ́ kó lọ sí ìlú òkèèrè wá ilé tuntun fún ajá àti ológbò wọn. Ẹranko kì í dà mí láàmú, ènìyàn ni.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé ajá ìyá àgbà kan láti Ìsinkàn ní Àkúrẹ́ lọ fún tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú Oǹdó. Kò pẹ́ tí bàbá náà fi pè mí: "Ẹ wá gbé ajá yín o. Adití ni, kò sì jẹun."

Pẹ̀lú ìbínú ni mo fi wọkọ̀ padà lọ. Mo bá bàbá níbi tó ti ń pariwo, "Sídáùn! Kọ́ọ̀mù!" Ajá kàn ń wò ó.

"Bàbá, ìyá tó tọ́ ọ kì í sọ òyìnbó. Ṣé ẹ ti bá a sọ Yorùbá rí?"

"Ṣé ajá ló yẹ kí n máa bá sọ Yorùbá?"

Mo lóṣòó, mo fọwọ́ pa ajá náà lórí, mo fi èdè Àkúrẹ́ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti lọ bá ọmọ wọn lókè òkun, ilé rẹ̀ nìyí báyìí. "Ó yá, wá jẹun." Ó dìde, ó jẹun.

Bàbá ní, "Ọmọ Oǹdó ni mí o. Ṣé kí n tún lọ kọ́ èdè Àkúrẹ́ nítorí ajá ni?"

"Ẹ kọ́ ọ, sà." Mo gbé báàgì mi, mo wá ọkọ̀ lọ.