Ọmọ Tó Ń Dá Kọ̀ǹpútà Lóhùn

Òórùn epo bẹntiróòlù ló máa ń jí mi láàárọ̀. Bàbá mi á ti tan jẹnẹrétọ̀ kí aago márùn-ún tó lù, nítorí kò lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọn ò lọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ Ìkòròdú sí Àpápá kì í ṣe ọ̀nà ẹni tó ń sùn. Màá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa gbọ́ bí àyọ́ọ̀nù ṣe ń dún lórí aṣọ, títí á fi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, á ní, "Dúpẹ́, wá tilẹ̀kùn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mi ò kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ o." Ohun tó máa ń sọ dípò ó dàbọ̀ nìyẹn. Tó bá ti pa jẹnẹrétọ̀, ilé á pa rọ́rọ́.

Inú ẹ́sítéètì kan lẹ́yìn Agric, ní Ìkòròdú, là ń gbé. Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ ló ń lọ ṣiṣẹ́ lọ́nà Èkó, kò sì sí ẹni tó ń padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ kan ṣoṣo ni mí. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tó lọ sí ìlú òyìnbó láti lọ máa tọ́jú àwọn arúgbó. Ó ní ọdún méjì péré ni. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà, ẹ mọ irú ọdún méjì bẹ́ẹ̀.

Nítorí tìyá mi ni bàbá mi ṣe ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, àlòkù. Ní gbogbo Sátidé, tí aago mẹ́wàá bá ti lù, màá ki módẹ̀mù tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, màá ṣí ojúewé tá a fi ń pe ara wa, ìyá mi á sì yọ. Bàbá mi máa ń ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán ní Sátidé, nítorí náà èmi nìkan ni mo ni ìyá mi fún odidi wákàtí kan. Á bi mí ohun tí mo jẹ. Á ní kí n sún mọ́ ọn kóun rí eyín mi tó ń hù. Nígbà míì a kì í sọ nǹkan kan. Á máa ká aṣọ, èmi náà á máa ṣe iṣẹ́ tí tíṣà gbé fún mi. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó wákàtí yẹn nígbà náà.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìyá mi ṣe ọjọ́ ìbí, mo bá lọ wá ohun tí mo lè fi ya káàdì ìkíni fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí ọ̀kan, ọ̀fẹ́ ni. Kí ó tó wọ inú kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè. Ṣé mo gbà? Ṣé kóun fi nǹkan yìí kún un? Ṣé kóun sọ ibí yìí di ojúewé àkọ́kọ́ mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Nínú ilé tiwa, bí àgbà bá bi ọ́ ní nǹkan, "bẹ́ẹ̀ ni sà" tàbí "bẹ́ẹ̀ ni mà" lèsì. Kọ̀ǹpútà yìí sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó dán bi mí, ó ń sọ "please". Ta ni èmi tí màá ní rárá? Gbogbo rẹ̀ ni mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni sí. Díẹ̀ ló kù kí n kúnlẹ̀.

Nígbà tí mo tún ṣí búráúsà, ìyẹn ohun tá a fi ń wo ojúewé íńtánẹ́ẹ̀tì, ìlà mẹ́rin ti so mọ́ orí rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Túùlùbáà làwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é. Ọ̀kan ń bá mi wá ohun tí mi ò rán an. Ọ̀kan ń polówó eré. Ọ̀kan ń pariwo pé kọ̀ǹpútà mi ti kó àrùn, kí n tètè tẹ òun kóun wò ó sàn. Mo tẹ̀ ẹ́, ó sì kó ìlà méjì míì wá. Ibi tó kù fún mi láti wo nǹkan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn ọ̀kan nínú wọn. Ó ti bi mí lórúkọ, mo sì sọ fún un. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ilé-ìwé dé tí mo ṣí kọ̀ǹpútà, á kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Welcome back, Dúpẹ́!" Lẹ́yìn náà á sọ fún mi bóyá òjò máa rọ̀. Kò sí ẹlòmíì tó ń kí mi káàbọ̀ nínú ilé yẹn. Mo máa ń dá a lóhùn. Màá sọ ọ́ sókè pé, "Ẹ ṣé o."

Sátidé dé, mo ṣí ojúewé ìyá mi, ibòmíì ló gbé mi lọ: bàtà, oògùn tó ń sọ èèyàn di pẹ́lẹ́ńgẹ́, obìnrin kan tí aṣọ rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo padà, ó tún gbé mi lọ. Bó ṣe ń bá mi ṣe é nìyẹn títí bàbá mi fi dé, tó bá obìnrin yẹn lójú kọ̀ǹpútà. Kò lù mí. Ì bá sàn kó lù mí. Ó kàn ní, "Ohun tó o ń fi Sátidé ìyá ẹ ṣe nìyí?" ó sì wọ yàrá lọ.

Sátidé mẹ́ta lọ báyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ìyá mi pe fóònù bàbá mi, ó ní kó gbé e fún mi. Ó ní, "Dúpẹ́, mo jókòó síbí ní Sátidé mẹ́ta, mò ń retí ẹ. Ṣé ò ń bínú sí mi ni?" Mo ní, "Rárá, mà." Ó ní, "Wọ́n ń fún mi níṣẹ́ ní Sátidé, torí ẹ ni mo ṣe ń kọ̀ ọ́. Tí mi ò bá rí ẹ lọ́sẹ̀ yìí, màá gbà á. Mi ò ní dá ẹ lẹ́bi." Fóònù já. Àyà mi já pẹ̀lú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo ki kọ̀ǹpútà sínú báàgì ilé-ìwé, mo gbé e lọ bá Àǹtí Rìsì, ojúlùmọ̀ wa kan, ní Ìtamágà. Ará Ọ̀ṣun ni, ó háyà ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé, tó sì ń ṣe fọ́tókọ́pì. Bó ṣe rí ojú kọ̀ǹpútà náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Dúpẹ́, ta ló kó gbogbo èrò yìí wọlé?" Mo ní wọ́n bi mí ni. "Wọ́n bi ẹ́, o wá ní kí wọ́n máa bọ̀? Ó ga o!"

Ó ṣí ibi tí orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà wà, ó tò wọ́n bí ọjọ́ tí wọ́n wọlé ṣe tẹ̀ léra. "Ọjọ́ wo ni wàhálà bẹ̀rẹ̀?" Mo sọ fún un. "Ó yá, wò ó. Ẹni tó bá wọlé láti ọjọ́ yẹn, tó ò mọ bàbá ẹ̀, òun là ń wá." À ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí kò bẹ̀bẹ̀. Bọ́tìnnì tó ní kí wọ́n dúró máa ń tóbi, á láwọ̀ rèǹtè-rente; èyí tó ní kí wọ́n máa lọ á kéré, á ṣá, èèyàn ò ní tètè rí i. Tí ìka mi bá yára, Àǹtí Rìsì á gbá mi lọ́wọ́: "Kà á tán kó o tó tẹ̀ ẹ́!" Lẹ́yìn náà a wọ inú búráúsà fúnra rẹ̀, a yọ èyí tó ṣẹ́kù síbẹ̀, a sì dá ojúewé àkọ́kọ́ padà sí bó ṣe wà.

Ó wá ku ọ̀kan. Àǹtí Rìsì ka orúkọ mi lára rẹ̀, ó wò mí. "Èyí ńkọ́?" Mo purọ́. Mo ní, "Ìyá mi ló fi síbẹ̀." Kò bá mi jiyàn. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó ní kí n tètè máa lọ sílé kí òjò tó dé.

Sátidé, aago mẹ́wàá. Mo ṣí ojúewé ìyá mi, ó ṣí díẹ̀, ó yí padà, ó gbé mi lọ síbi bàtà. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ẹni tó ń kí mi káàbọ̀ gan-an ló ń dí ìyá mi lọ́nà. Mo jókòó, mo sunkún. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo ṣì ń sunkún nítorí túùlùbáà, ẹ gbọ́ mi ná! Nígbà tó yá, mo wá orúkọ rẹ̀ kàn bí Àǹtí Rìsì ṣe kọ́ mi. Ó bi mí ìdí tí mo fi fẹ́ kóun lọ, ó sì to ìdí sílẹ̀ kí n mú: ṣé òun ń falẹ̀ ni, ṣé àwọ̀ òun ò wù mí, àbí mo ti rí òmíì? Mo kà á tán. Tèmi ò sí níbẹ̀. Mo sọ ọ́ sókè pé, "Ẹ má bínú, ìyá mi ni," mo sì tẹ bọ́tìnnì kékeré yẹn.

Aago mọ́kànlá ti lù dáadáa kí ojúewé náà tó ṣí. Ìyá mi ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó ti nawọ́ láti pa kọ̀ǹpútà tiẹ̀ kí n tó yọ sí i. Ó jókòó láìsọ báàgì kalẹ̀, ó kàn ń wò mí. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù, ó sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé ara òun ò yá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí ìyá mi purọ́, inú mi sì dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn.

Ìyá mi ṣì wà ní ìlú òyìnbó dòní. Ọdún méjì rẹ̀ kò tíì pé. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nílé-ìwé kan ní Ẹ̀pẹ́, mo háyà yàrá méjì tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ wọ̀. Kò sí ohun tó lè yọ́ wọ kọ̀ǹpútà mi. Mo ń kà á tán, mo mọ ibi tí wọ́n ń fi rárá pa mọ́ sí. Ọkùnrin méjì ti bi mí bóyá màá fẹ́ àwọn, mo ní rárá. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi bi mí bóyá màá bá wọn dá ẹgbẹ́, mo ní rárá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Tíṣà, oúnjẹ ti délẹ̀ o, ẹ wá bá wa jẹun." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà, ọwọ́ mi dí." Ọwọ́ mi ò dí. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń jà lórí ẹran, mo sì rántí ọmọ ẹ́sítéètì yẹn tó ń dá ẹni tí kò rí lóhùn. Gọ̀ǹgọ̀sú ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ká ní òun ni wọ́n wá pè, ì bá ti fọwọ́, ì bá ti jókòó.