Ṣíbí Epo Mẹ́ta

Mo rántí bí ajá mi ṣe dúró láàárọ̀ ọjọ́ kejì Iléyá, nílé tí mo háyà yàrá sí ní Iba: àyà nílẹ̀, ìdí lókè, bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń bì, ó ń gbọ̀n. Opó ni mí, mi ò bímọ, òun ni mo fi ṣe ọmọ. Àlàájà tó ń ta mọ́ínmọ́ín, tí yàrá wa dojú kọra, ló da ọ̀rá àgbò fún un lọ́jọ́ ọdún.

Mo gbé e lọ bá dókítà ẹranko nítòsí bárékè Ọ̀jọ́. Ó tẹ ikùn ajá, ajá ké. Ó ní ọ̀rá ló fà á, pé ẹ̀yà inú kan tó ń bá ara da ọ̀rá ti wú. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fa omi sí i lára.

“Màámi, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu títí dọ̀la, omi pàápàá. Ẹ jẹ́ kí inú ẹ̀ sinmi. Ó lè yè.”

Mo ní mo ti gbọ́. Lójú tèmi, ọmọ kékeré tó kàwé ni, kò mọ̀ pé májèlé ni Àlàájà fún un jẹ. Ta ni kò mọ̀ pé epo pupa ló ń pa oró májèlé? Bí mo ṣe délé, mo ya ẹnu ajá, mo da ṣíbí epo mẹ́ta sí i. Mo wá jáde, mo pe Àlàájà ní apajá lójú gbogbo ará ilé.

“Ẹran tí èmi àtàwọn ọmọ mi jẹ náà ni mo fún un,” ni Àlàájà wí. Mo ní irọ́ ló ń pa.

Ajá kú lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo gbé òkú rẹ̀ padà lọ, kí dókítà lè bá mi sọ pé májèlé ni. Epo ṣì wà létè rẹ̀. Dókítà bi mí bóyá mo fún un ní nǹkan, mo ní rárá.

“Màámi, ọ̀rá náà ni epo pupa,” ló sọ, ó sì lọ fọwọ́.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Òwe tí mo fi ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí nìyẹn. Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò ò ra mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ Àlàájà mọ́, ó sì kó lọ sí Ìjànikin. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó yà lọ́dọ̀ mi, ó bá mi kẹ́dùn ajá mi. Mo ní ó ṣeun.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Àìmọ̀ ni mo fi pa ajá. Ohun tí mo ṣe fún Àlàájà, mo mọ̀ ọ́n.