Àkísà Pupa Bàbá Wòsílátù

Bí ẹ bá béèrè Tàjùdíìnì mẹkáníìkì lọ́wọ́ àwọn ará Ìkòtún lọ́dún 1986, ẹ̀rín ni wọ́n á kọ́kọ́ rín. Bàbá Wòsílátù la máa ń pè é. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọkọ̀ sáré tó o ládùúgbò náà, síbẹ̀ ẹ̀rù eré ń bà á. Tó bá wọkọ̀ èrò, á máa bẹ awakọ̀ pé, "Rọra jàre, ọmọ ń retí mi nílé." Èmi náà ti bá wọn fi í rẹ́rìn-ín rí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìdí ẹ̀rù rẹ̀ kò pamọ́. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ gbàgbé nọ́ọ̀tì kan láì fún un le, ọ̀gá wọn sì gbé ọkọ̀ náà jáde láti dán an wò. Ọ̀gá kò padà wálé. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Wòsílátù ti ń ya aṣọ pupa ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sápò. Nọ́ọ̀tì tí kò bá tíì fún tán, á so àkísà pupa mọ́ ọn, kò sì ní í tú u àfi tíṣẹ́ bá parí. Gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló mọ òfin náà: ọkọ̀ tí àkísà pupa bá wà lábẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, àfi èmi.

N kì í fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ọkọ mi ni. Tíṣà ni mí níléèwé kan ní Ìkòtún, ọmọ Èkìtì, tó fẹ́ Olúbọ̀dé, ọmọ onílẹ̀ Akówọ́njọ. Ọkọ mi lọ ra ògbólógbòó ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, onílẹ̀kùn méjì, onímú gbọọrọ, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́jọ. Tó bá ti ṣáná sí i, gbogbo abọ́ inú ilé mi a máa gbọ̀n. Mo lóyún oṣù mẹ́fà, ọ̀gbẹ́ni ní òun fẹ́ bá Múrítàlá ọ̀rẹ́ òun sáré ìdíje lójú ọ̀nà tuntun kan ní Ẹ̀gan, tí wọn ò tíì ṣí fún ọkọ̀. Láti ọjọ́ tó ti sọ ọ́ ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Mo máa ń lá a lálàá pé wọ́n gbé bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan wá fún mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Bàbá Wòsílátù fi ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ náà. Ó gé síprìngì iwájú kúrú kí ọkọ̀ lè sún mọ́lẹ̀, kó má baà fẹ́ dojú dé tó bá ń yà ní kọ́nà. Ó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì sí èyí tó le, ó tú ìjókòó ẹ̀yìn kúrò kó lè fúyẹ́. Ó ta òwú láti táyà ẹ̀yìn dé ti iwájú, ó dùbúlẹ̀, ó di ojú kan, ó ń wò ó bóyá wọ́n tọ́. Ó ní kí wọ́n dín afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn kù, kí wọ́n lè di ilẹ̀ mú nígbà tí ọkọ̀ bá fò síwájú. Irin tó so sítíárín mọ́ táyà ló fi ṣe àṣekẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìdíje, èmi àti ọkọ mi dé ọgbà iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkòtún lọ́sàn-án. Ó ti lọ kírun, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Olúbọ̀dé yà sẹ́yìn ọgbà lọ tọ̀. Ni mo bá rí aṣọ pupa kan tí wọ́n so mọ́ irin lẹ́yìn táyà iwájú. Mo ti rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lára ọkọ̀ àwọn tó ń lo oògùn. Mo ní, háà, Múrítàlá ti rán èèyàn wá fi oògùn di ọkọ mi! Mo ka Orin Dáfídì kọkànlélọ́gọ́fà, mo bẹ̀rẹ̀, mo já aṣọ náà, mo wé e sínú bébà, mo sọ ọ́ sínú báàgì mi, kí n lè gbé e fún pásítọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kó bá mi sun ún.

Olúbọ̀dé dé, ó wo abẹ́ ọkọ̀ yíká. "Bàbá ti parí iṣẹ́," ló wí. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lápò rẹ̀, ló bá gbé ọkọ̀ lọ sílé. N ò sọ ohun tí mo ṣe fún un, nítorí á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó ní òun á gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìgàndó tí eré bá parí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí láti Akówọ́njọ. Sítíárín ń gbọ̀n díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a dé Ẹ̀gan, mo sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ méjèèjì tò sójú ìlà, èrò ti pé. Àfi bí Bàbá Wòsílátù ṣe sáré dé, bàtà lọ́wọ́, tó dúró síwájú ọkọ̀ wa tó la apá méjèèjì.

"Ọ̀gá Bọ̀dé, ẹ paná ọkọ̀ yẹn!"

"Bàbá Wòsílátù, ẹ kúrò lọ́nà jàre. Ẹ̀rù yín yẹn náà tún ni, àbí?"

"N ò tíì fún nọ́ọ̀tì sítíárín yẹn tán! Mo tìrun dé, ẹ ti gbé e lọ. Àtìjẹta ni mo ti ń wá ilé yín kiri Akówọ́njọ."

"Mo wo abẹ́ ẹ̀ kí n tó gbé e. Kò sí àkísà pupa kankan níbẹ̀. Ṣebí òfin yín nìyẹn?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, èmi kọ́ ni mo tú u."

Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo pé Múrítàlá ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Bàbá kò kúrò. Olúbọ̀dé tẹná, ọkọ̀ sún síwájú títí bọ́ńpà fi kan orúnkún ọkùnrin náà.

Àkísà pupa. Èyí tó wà nínú báàgì mi ni! Mo rò ó pé bí mo bá sọ̀rọ̀, gbogbo Ẹ̀gan ni yóò gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tí Tíṣà hù. Bí mo bá sì dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, n ò ní purọ́, mo rò ó lóòótọ́.

"Èmi ni mo tú u!" Ariwo ẹ́ńjìnnì bo ohùn mi. Mo rìn lọ bá bàbá níwájú ọkọ̀, mo ṣí báàgì, mo gbé àkísà náà sókè. Olúbọ̀dé wò mí, ó wo àkísà, ó paná.

Bàbá Wòsílátù wọ abẹ́ ọkọ̀. Kò béèrè sípánà. Ó tètè jáde, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, nọ́ọ̀tì náà wà níbẹ̀.

"Ìka méjì ni mo fi tú u," ló wí. "Ó ku bíńtín kó jábọ́ fúnra ẹ̀."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọkọ mi wo nọ́ọ̀tì, ó wo ìjókòó tí mo ti sọ̀ kalẹ̀, ó wo inú mi. Múrítàlá náà paná tirẹ̀.

Mo ń retí kí bàbá bú mi. Ó kàn na ọwọ́ ni. "Tíṣà, ẹ bá mi mú àkísà mi wá. Pínnì tí mo máa fi há a kó má baà tú mọ́ kò sí lọ́wọ́ mi, ẹnikẹ́ni ò tíì gbọdọ̀ wa ọkọ̀ yìí."

Ó gbà á, ó dá nọ́ọ̀tì padà sáyè rẹ̀, ó sì gbìyànjú láti so àkísà mọ́ ọn. Ó so ó, ó tú. Ó so ó, ó tún tú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n jù. Mo kúnlẹ̀ sójú títì tòyún-tòyún, mo gba àkísà lọ́wọ́ rẹ̀, mo so ó padà síbi tí mo ti já a.