Ìró Tó Wà Lọ́fun

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá mi ní Èkìtì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n wá bá wa gbé ní Ẹgbẹ́dá. Wọ́n ṣì ń gbọ́ràn díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Nígbà tó yá, etí méjèèjì di pátápátá, ó wá di pé ká máa kọ ohun tá a bá fẹ́ bá wọn sọ sínú ìwé kékeré kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin mi gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé. Tíṣà rẹ̀ ní kó kọ ìlò mẹ́rin fún ọ̀rọ̀ náà "buzz". Mo mọ ti oyin tó ń kùn, mo sì mọ ti fóònù tó ń gbọ̀n lórí tábìlì. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ mi parí sí. Ni mo bá kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, mo gbé e fún ìyá mi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ibi tí èrò bá pọ̀ sí tí ohùn gbogbo wọn dàpọ̀, bíi Ìyànà Ìpájà láàárọ̀, òyìnbó á ní ibẹ̀ ń "buzz". Tí inú èèyàn bá ń dùn débi pé ara rẹ̀ kò lè balẹ̀, òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wá pe ọmọ náà mọ́ra, wọ́n gbé ìka méjì lé e lọ́fun, wọ́n ní kó pe ọ̀rọ̀ náà. Ó pè é.

"Rárá," ni wọ́n wí. "Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì lo pè yẹn. Ọ̀fun rẹ ò gbọ̀n níparí rẹ̀."

Òótọ́ ni. "S" ló fi parí rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń ṣe, torí èdè wa kò ní "z". Èmi tí etí mi dá ṣáṣá kò fura rárá. Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan ló mú un. Ìka wọn ni mò ń wò.

Wọ́n gbé ọwọ́ ọmọ náà lé ọ̀fun tiwọn, wọ́n sì fa ìró náà gùn. Ọmọ náà yíjú sí mi, ó ní ìró náà ń rìn lábẹ́ ìka òun bíi kòkòrò. Ìyá mi tún gbé ìka lé e lọ́fun, nígbà tóun náà sì pè é lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n forí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní kí èmi náà wá, wọ́n sì gbé ìka lé mi lọ́fun. Ó ti pẹ́ gan-an tí ọwọ́ ìyá mi ti kan ọrùn mi gbẹ̀yìn. Mi ò pe ọ̀rọ̀ òyìnbó náà.

"Màámi," ni mo wí, mo rọra fà á.

Wọn ò gbé ọwọ́ wọn kúrò. Wọ́n ní kí n tún un sọ.